Akọ̀pẹ Nínú Òwe àti Ìwé Wa

Gbogbo wa tí a kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ni a mọ ẹ̀kọ́ kan dáadáa. Olùkọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ojú pátákó: igba, igbá, ìgbà, igbà. Yóò ní kí á pè wọ́n, kí á sì sọ ìtumọ̀ wọn. A ó dáhùn pé igba ni ọgọ́rùn-ún méjì, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà ni akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Olùkọ́ yóò ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ẹni mélòó nínú wa ni ó ti fi ẹ̀yìn ti igbà rí? Ẹni mélòó ni ó mọ iṣẹ́ tí okùn náà ń ṣe láàárín ènìyàn àti ikú? Àmì ohùn orí rẹ̀ ni a mọ̀, a kò mọ òun fúnra rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí nítorí pé ohun tí ó ṣe wá ní kíláàsì ni ó ṣe òwe wa, ni ó ṣe àlọ́ wa, tí ó sì ṣe àwọn ìwé tí a fi ń yangàn. Àwọn tí ń gun igi pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó gùn ún tí wọ́n sì já bọ́ kò kéré. Ṣùgbọ́n ìdí igi ni ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ dúró sí, ibẹ̀ ni ó ti ń wòkè. Ohun tí akọ̀pẹ rí lókè, ẹ̀rù tí ó bà á, àti ọgbọ́n tí ó fi ń bá ẹ̀rù náà gbé, ẹnikẹ́ni kò bi í. Èrò mi ni pé àbùkù ni èyí jẹ́ fún iṣẹ́ ọnà ọ̀rọ̀ wa, àti pé àbùkù náà kò dúró sínú ìwé nìkan.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ọ̀pẹ àgbà lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ, kò sì ní ẹ̀ka kankan tí ènìyàn lè dì mú títí a ó fi dé ibi tí imọ̀ gbé yọ. Akọ̀pẹ yóò fi igbà yí ara rẹ̀ àti igi po, yóò so ó, yóò sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi. Bí ó bá fẹ́ dúró, yóò fara ti ẹ̀yìn kí igbà lè le. Bí ó bá fẹ́ gòkè, yóò sún mọ́ igi díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì jù ú sókè, yóò tún fara ti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi dé òkè. Níbẹ̀, agbọ́n lè ti kọ́ ilé, ejò lè ti ká jọ sí ìdí imọ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀, ara igi yóò máa yọ̀ bí ilá.

Ẹ kíyè sí i pé fífara ti ẹ̀yìn ni ó ń gba akọ̀pẹ là. Nígbà tí igbà bá le, ó di igi mú, kì í yọ̀ wálẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá já yóò fẹ́ dì mọ́ igi bí ọmọ tí ń dì mọ́ ìyá rẹ̀. Bí ó bá sì ti dì mọ́ ọn, igbà yóò dẹ̀, kò ní sí ohun tí ó gbé e ró mọ́. Mo mọ èyí nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, jẹ́ akọ̀pẹ. Nígbà kan tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n dán an wò. N kò tíì gùn tó ìwọ̀n orí ènìyàn tí ẹ̀rù fi mú mi, tí mo gbá igi mọ́ra. Igbà yọ̀ wálẹ̀, èmi náà yọ̀ tẹ̀ lé e, igi bó mi lápá àti láyà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má dì mọ́ ọn. Igbà ni kí o gbé ẹ̀yìn rẹ fún." Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín ni?" Ó ní, "Kí ni o rò pé ó ń mú mi fa igbà yìí wò ní àràárọ̀ kí n tó gùn ún?"

Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n. Bàbá kò sọ pé òun kò bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ pé òun ya ojo. Ẹ̀rù rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ń bá a yẹ okùn wò, òun ni ó ń sọ fún un pé ọ̀pẹ yìí tutù jù lónìí, kí á fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ǹjẹ́ a rí irú ẹ̀rù yìí nínú ọ̀rọ̀ wa?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí òwe. Bí Yorùbá bá fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tí ó wà ní ipò gíga, a ní ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí a bá fẹ́ sọ pé ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe ni ó lè pa á, a ní ikú ogun ní í pa akínkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Bí a bá fẹ́ yin sùúrù, a ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Òwe rere ni gbogbo wọn, èmi náà a sì máa pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹni tí ń pa wọ́n dúró sí. Nínú òwe kìíní, gíga dàbí ìgbéraga, wíwálẹ̀ sì dàbí ẹ̀san. Nínú èkejì, ikú oníṣẹ́ ti wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ìgbín nìkan ni a yìn nínú àwọn tí ń gun nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara ni ìgbín fi ń lẹ̀ mọ́ igi. Ohun tí akọ̀pẹ kò gbọdọ̀ ṣe gan-an ni ìgbín ń ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ̀pẹ gígùn láti inú òwe yìí yóò balẹ̀ bí mo ti balẹ̀.

Òwe kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó já láti òkè la ẹnu sọ̀rọ̀. Òun ni òwe alángbá tí ó já láti orí ìrókò, tí ó mi orí, tí ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Àwọn Ìgbò náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Chinua Achebe lò ó nínú Things Fall Apart ní 1958. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí ń yin ara rẹ̀. Èmi rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alángbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí ó bá a dé orí ìrókò. Ta ni yóò wá jẹ́rìí bí ibẹ̀ ti ga tó? Ẹni tí kò gùn ún rí kò lè yìn ín bí ó ti yẹ, kò sì lè bú u bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí. Ó kàn dùn mí pé alángbá ni a fi ohùn náà fún, tí a kò fi fún akọ̀pẹ.

Nínú àlọ́, ọ̀rọ̀ náà sàn díẹ̀. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá tí ó kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, tí ó fẹ́ lọ fi í pamọ́ sí orí igi. Ó gbé akèrègbè kọ́ ọrùn, ó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń dí i lọ́wọ́. Ó gùn ún títí, kò lè gòkè, àfi ìgbà tí ẹnìkan kọjá tí ó ní kí ó gbé e sí ẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ tí a máa ń fà yọ ni pé kò sí ẹni tí ó gbọ́n tán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a ń fò dá. Ohunkóhun tí ó bá wà láàárín àyà ẹni àti igi lè pa ni. Adẹ́mu kì í gbé akèrègbè sí iwájú. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí ti gun igi rí, tàbí kí ó ti jókòó ti ẹni tí ó gùn ún, kí ó sì fetí sí i.

Àlọ́ Ajá àti ìyá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàn mú, Ajá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run, ìyá sì ń ta okùn sílẹ̀ kí ọmọ lè gòkè wá jẹun. Ìjàpá mọ àṣírí orin tí Ajá ń kọ, òun náà kọ ọ́, okùn wálẹ̀, ó dì í mú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé òkè ni Ajá ké sí ìyá rẹ̀ pé kí ó gé okùn. Ìjàpá já lulẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá. Àwọn ọmọdé a rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tiwa. Olè ni Ìjàpá, ó sì yẹ kí ó jìyà. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni a ti ń kọ́ báyìí pé ẹni tí okùn bá já mọ́ lọ́wọ́, ó ní ohun tí ó ṣe.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé o kò mọ̀ pé òwe kì í ṣe ìwé ìkọ́ṣẹ́ ni? Ẹni tí ń pa òwe ẹṣin kò sọ̀rọ̀ ẹṣin." Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, ẹṣin sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹṣin kí ó tó lè gbé ènìyàn. Òwe ẹyin dùn létí nítorí pé ẹyin a máa fọ́ lóòótọ́. Bí òwe àwọn tí ń gun igi bá jẹ́ ti ẹni tí kò gùn ún rí, ibi tí kò bá mọ̀ ni yóò gbé ọ̀rọ̀ ṣubú sí.

Ìwé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutuola gbé jáde ní 1952. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú àlọ́ wa ni ó ti gbé e jáde. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko tí ó ní ọ̀pẹ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Adẹ́mu yìí a máa dá akèrègbè ẹmu 150 ní àárọ̀, a sì tún dá 75 ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, bàbá kú. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, adẹ́mu gun ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pẹ tí ó ga jù, ó já bọ́, ó sì kú. Wọ́n sin ín sí ìdí ọ̀pẹ náà. Nítorí ikú yìí ni ọ̀mùtí ṣe mú ọ̀nà Ìlú Àwọn Òkú pọ̀n, gbogbo ìyókù ìwé náà sì ti ibẹ̀ jáde.

Mo ti ka ibi ìṣubú yìí ní àkàtúnkà. Tutuola fẹ́ràn iye. Ó ka ọ̀pẹ, ó ka akèrègbè, ó ka ọdún àti oṣù. Gíga ọ̀pẹ tí ó pa ènìyàn nìkan ni kò wọ̀n. N kò rí igbà níbẹ̀, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Pé ẹnìkan ṣoṣo ń dá ẹmu nínú oko ọ̀pẹ 560,000, àsọdùn ni, àsọdùn náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ó ti nu òógùn iṣẹ́ náà nù. Orúkọ adẹ́mu pàápàá, ó di ìgbà tí ó kú, tí ọ̀mùtí ń wá a kiri ní Ìlú Àwọn Òkú, kí á tó gbọ́ pé Baity ni ó ń jẹ́. Ohun tí ó dun ọ̀mùtí ni pé kò rí ẹmu mu mọ́, àti pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú Tutuola, nítorí pé ibì kan wà nínú ìwé náà tí ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, adẹ́mu sọ pé òun kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun kí òun tó kú. Ọ̀mùtí ni ó sọ fún un pé ó já láti orí ọ̀pẹ. Adẹ́mu wá ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé òun mu ẹmu jù ní ọjọ́ náà. Ẹ wò ó: ẹni tí ó wà lókè kò ní ìrántí, ẹni tí ó wà nílẹ̀ ni ó sọ ìtàn rẹ̀ fún un, òun náà sì tẹ́wọ́ gba ẹ̀bi. Bóyá Tutuola mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, ó ti ya àwòrán bí a ti ń ṣe sí àwọn akọ̀pẹ. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ìwé náà di eré Yorùbá, tí a ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ọ̀mùtí ni ó ni àkọlé: Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Eré aládùn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìtàgé tí ó lè ga tó ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó lè kọ́ gíga náà sí wa lọ́kàn.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ni ọ̀rọ̀ mọ, n kì bá tí yọ ara mi lẹ́nu. Ní abúlé ìyá mi, ọkùnrin kan já láti orí ọ̀pẹ. Ẹyìn ni ó ń kọ, kì í dá ẹmu. Kò kú, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì gbé e mọ́. Òun nìkan kọ́ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíjá láti orí ọ̀pẹ wà lára ohun tí ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn ènìyàn jẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ará abúlé wá kí i, ẹnìkọ̀ọ̀kan sì mú ìtumọ̀ tirẹ̀ wá. Ọ̀kan ní ẹmu ni. Òmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀kẹta mi orí, ó ní ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Bàbá lọ sí ìdí ọ̀pẹ, ó gbé igbà náà wá. Ibi tí ó ti máa ń ha ara igi ti jẹ tán. Ó fi í hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n sì padà sórí ọ̀rọ̀ wọn. Ọkùnrin náà wà lórí ẹní, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀pẹ. Wọ́n ṣe ètùtù fún un. Bàbá nìkan ni ó hun igbà tuntun fún un.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń wo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lókè láti ilẹ̀. Ní Kánádà, àwọn Mohawk ará Kahnawake ti ń kan irin afárá láti 1886, wọ́n sì bá wọn kọ́ àwọn ilé gíga New York. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò mọ ẹ̀rù gíga. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ògọ́sì 1907, afárá tí wọ́n ń kọ́ ní Québec wó, ó pa ènìyàn 75. 33 nínú wọn jẹ́ ará Kahnawake. Ìtàn wọn sọ pé lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ìlú náà ní kí àwọn ọkùnrin má ṣe kó ara wọn jọ sí ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. Ẹni tí kò mọ ẹ̀rù kì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ni ó ṣe é, òfin náà sì dára. Ẹni tí a bá ti sọ pé kì í bẹ̀rù, a ti dá ara wa láre pé kò nílò okùn tuntun.

Nítorí náà, mo ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé inú ẹgbẹ́ wa yìí. Ọmọ akọ̀pẹ àti ọmọ adẹ́mu pọ̀ nínú yín. Owó ẹyìn àti owó ẹmu ni a fi rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ níṣẹ́ ìwé. Nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé ní ìsinmi, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n bí ilẹ̀ ti ń rí láti òkè, ohun tí etí ń gbọ́ níbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n dé ìdí igi tí wọ́n wò ó tí wọ́n sì padà sílé. Ọjọ́ tí akọ̀pẹ padà sílé yìí, n kò tíì kà á nínú ìwé kankan rí, ó sì tó ìtàn kọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó já bọ́ nínú ìwé yín, kò burú, nítorí pé wọ́n ń já bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní orúkọ kí ó tó kú, kí ẹ sì jẹ́ kí á rí igbà rẹ̀.